Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Àròkọ Alárìíyànjiyàn — Kíka Wákàtí Òṣìṣẹ́ Tí Ó Ń Ṣiṣẹ́ Nílé àti ní Ọ́fíìsì

Nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú èyí, a ti sọ̀rọ̀ lórí àròkọ oníròyìn, àròkọ aṣàpèjúwe àti lẹ́tà kíkọ. Àròkọ alárìíyànjiyàn ni ó kàn báyìí. Nínú irú àròkọ yìí, ohun mẹ́ta ni olùyẹ̀wò ń retí lọ́wọ́ rẹ: kí o mú ìhà kan, kí o fi ẹ̀rí ti ìhà náà lẹ́yìn, kí o sì dá ẹni tí ó wà ní ìhà kejì lóhùn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mẹ́nu kan ohun tí ẹnì kejì lè wí, àbọ̀ iṣẹ́ ni ó ṣe, bí Yorùbá rẹ̀ tilẹ̀ dùn bí oyin.

A. ÌBÉÈRÈ

"Kíka wákàtí iṣẹ́ ni ọ̀nà tí ó dára jù lọ láti mójú tó òṣìṣẹ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní àwọn ọjọ́ kan, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ nílé ní àwọn ọjọ́ yòókù." Ǹjẹ́ o fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí? Sọ ìdí rẹ.

B. BÍ O ṢE LÈ TÚ ÌBÉÈRÈ NÁÀ

Ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì kí o tó kọ ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, fa ìlà sí abẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n níhìn-ín.

Èkíní ni "kíka wákàtí iṣẹ́". Má ṣe rò pé ohun tuntun ni. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa, ìwé kan wà tí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ń kọ orúkọ rẹ̀ àti aago tí ó dé sí láràárọ̀. Táìmù búùkù ni à ń pè é. Ìwé mìíràn sì wà tí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ jáde lákòókò iṣẹ́ ń kọ ibi tí ó ń lọ sí. Ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Willard Bundy, ará ìlú Auburn ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ aago kan tí ó ń tẹ àkókò tí òṣìṣẹ́ dé sórí ìwé. Lóde òní, kọ̀ǹpútà àti fóònù náà ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń ya àwòrán ohun tí òṣìṣẹ́ ń ṣe lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí wọ́n sì ń ka iye ìṣẹ́jú tí kò fi tẹ nǹkan kan.

Èkejì ni "nílé". Ojú ọ̀gá kò tó òṣìṣẹ́ tí ó wà nílé. Ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò dá, ni "dára jù lọ". Ìbéèrè náà kò bi ọ́ bóyá kíka wákàtí dára. Ohun tí ó bi ọ́ ni bóyá kò sí ọ̀nà mìíràn tí ó dára jù ú lọ. Nítorí náà, o lè gbà pé ó dára, kí o sì tún sọ pé òun kọ́ ni ó dára jù. Ẹni tí ó bá rí ọ̀rọ̀ kékeré yìí ti rí ẹnu ọ̀nà àròkọ rẹ̀.

D. BÍ O ṢE LÈ WÁ Ẹ̀RÍ

Àríyànjiyàn láìsí ẹ̀rí, ariwo ọjà ni. Ọ̀nà mẹ́rin ni o lè gbà wá ẹ̀rí: ohun tí ojú rẹ rí ní àdúgbò rẹ, ohun tí ìjọba ṣe, ohun tí òfin wí, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè. Láti ìtòsí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Mú Àjídò ní etí ọ̀sà Àgbádárìgì ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí igi àgbọn pọ̀ sí. Bí a bá gba ẹnì kan láti bó èèpo àgbọn, iye àgbọn tí ó bá bó ni ó yẹ kí a fi san owó rẹ̀. Ìbáà bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù, ìbáà bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán, àgbọn tí ó bó wà nílẹ̀ fún gbogbo ojú láti rí. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ẹnì kan láti máa ṣọ́ oko àgbọn náà lóru, wákàtí ni a ó kà fún un, nítorí wíwà níbẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá lọ sùn sílé, kò ṣiṣẹ́, ìbáà má sí olè tí ó wá lóru ọjọ́ náà. Fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn. Òun ni òpó tí a ó fi gbé àròkọ wa ró.

Bí o bá fẹ́ lo ọdún, iye tàbí orúkọ, rí i dájú pé o mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí kò bá dá ọ lójú, fi í sílẹ̀. Ẹ̀rí kan tí ó dájú sàn ju mẹ́wàá tí a fi àbá sọ.

E. ÌLAPA ÈRÒ

(i) Ìfáàrà: ohun tí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé, àti ìhà tí mo wà.
(ii) Àǹfààní tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ wákàtí.
(iii) Ohun tí ìhà kejì yóò sọ, àti èsì mi.
(iv) Irú iṣẹ́ ni ó yẹ kí ó sọ ohun tí a ó kà.
(v) Ewu tí ó wà nínú ṣíṣọ́ òṣìṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú.
(vi) Ìgúnlẹ̀: ọ̀nà tí mo rí pé ó dára jù.

Ẹ. ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Kíka Wákàtí Iṣẹ́ Nìkan Kò Tó

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà wọ ilẹ̀ wa, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ó wà ní ìpele 1 sí 12 dúró sílé fún ọjọ́ 14, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 23 oṣù náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ sì fò sókè. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú kéde pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìpele 1 sí 14 máa wá sí ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀, kí àwọn ti ìpele 15 sí 17 máa wá ní ọjọ́ 4. Ìtura ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ó ń ti Àjídò lọ sí Aláùsá ní Ìkẹjà, tí ó ní láti jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n irú àyípadà báyìí mú ìbéèrè kan wá: báwo ni ọ̀gá yóò ṣe mọ̀ pé òṣìṣẹ́ tí kò sí lójú òun ń ṣiṣẹ́? Àwọn kan ní kí a máa ka wákàtí rẹ̀. Èmi kò sọ pé èyí kò wúlò, ṣùgbọ́n n kò gbà pé òun ni ó dára jù lọ.

Òtítọ́ ni pé àkọsílẹ̀ wákàtí ń gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ìrẹ́jẹ. Ní ọdún 1919, Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ ṣe ìpàdé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Washington, wọ́n sì fẹnu kò pé kí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ má ṣe kọjá wákàtí 8 lóòjọ́ àti wákàtí 48 lọ́sẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú sọ pé òṣìṣẹ́ tí òfin náà kàn, tí ó bá ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 6 lóòjọ́, gbọ́dọ̀ ní àkókò ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan, kí ó sì ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ 7. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀, báwo ni òṣìṣẹ́ yóò ṣe fi hàn pé iṣẹ́ tí òun ṣe kọjá àdéhùn? Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ nílé gan-an ni ó nílò ààbò yìí, nítorí ọ̀gá rẹ̀ lè pè é ní aago 9 alẹ́ kí ó tún fún un ní iṣẹ́ mìíràn.

Àwọn tí wọ́n fara mọ́ kíka wákàtí yóò sọ pé bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀lẹ yóò fi ilé bojú. Ọ̀rọ̀ wọn ní òtítọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ lè jókòó sí ọ́fíìsì láti aago 8 àárọ̀ títí di aago 4 ìrọ̀lẹ́ láìṣe nǹkan kan. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò sí níbì kan. Ìwé náà mọ ìgbà tí ó dé, kò mọ ohun tí ó ṣe.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè ni irú iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe. Wákàtí ni a ń kà fún ẹni tí ó ń ṣọ́ oko àgbọn, àgbọn ni a sì ń kà fún ẹni tí ó ń bó o. Bákan náà ni ó rí láyé àwọn baba wa: iye ebè tí alágbàṣe bá kọ ni wọ́n ń wò. Ìjọba Èkó pàápàá fi ìyàtọ̀ yìí hàn ní ọdún 2024, nítorí pé ọjọ́ 5 náà ni àwọn olùkọ́ yóò máa lọ sí ilé ìwé. Ọmọ kò lè gbẹ̀kọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ tí kò wá. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tí a ní kí ó tẹ lẹ́tà 20 kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì, lẹ́tà 20 náà ni kí a bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rọ tí ó ń ka ìṣẹ́jú lè ṣèdájọ́ èké. Bí iná mànàmáná bá lọ ní aago 10 òwúrọ̀, tí òṣìṣẹ́ sì dúró di alẹ́ kí ó tó parí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sọ pé ó fi gbogbo ọ̀sán ṣeré. Ṣíṣọ́ ènìyàn sì ní ààlà. Ní oṣù kejì ọdún 2024 kan náà, àjọ tí ó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn ará ìlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ fún ilé iṣẹ́ Serco Leisure pé kí ó dẹ́kun fífi ìka àti ojú òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 2,000 ṣe àmì ìwọṣẹ́, nítorí pé ọ̀nà tí kò le tó bẹ́ẹ̀ wà. Nílẹ̀ wa níbí, Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 ní kí ẹni tí ó bá ń gba ìsọfúnni nípa ènìyàn má ṣe gbà ju ohun tí ó nílò lọ.

Ní tèmi, ọ̀nà tí ó dára jù ni pé kí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jọ fẹnu kò lórí iṣẹ́ tí a ó ṣe àti ọjọ́ tí yóò parí. Kí wọ́n fi ọjọ́ tí wọ́n bá pàdé ní ọ́fíìsì yẹ iṣẹ́ náà wò. Kí ìwé wákàtí wà, ṣùgbọ́n kí òṣìṣẹ́ lè rí i, kí ó sì lè ṣàlàyé ohun tí ó bá rúni lójú nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gé owó rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà ní ojúṣe tirẹ̀. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Aago lè sọ ìgbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí ó parí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ ni yóò jẹ́rìí ẹni tí ó ṣe é.

F. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ O KÍYÈ SÍ

1. Ìhà tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí wà hàn kedere ní òpin ìpínrọ̀ kìíní. Má ṣe jẹ́ kí olùyẹ̀wò máa wá èrò rẹ kiri.

2. Ó gbà pé ìhà kejì ní òtítọ́ díẹ̀ kí ó tó dá wọn lóhùn. Kò bú wọn. Èébú kì í ṣe èsì.

3. Ẹ̀rí rẹ̀ ní ọdún àti orúkọ. Kò sọ pé "nígbà kan" tàbí "wọ́n ní".

4. Òwe kan ṣoṣo ni ó lò, ó sì bá ibi tí ó lò ó mu. Òwe mẹ́wàá tí a tò jọ kì í sọ àròkọ di rere.

5. Ṣọ́ra fún àmì ohùn. Ẹni tí ó kọ "ìṣẹ́" níbi tí ó fẹ́ kọ "iṣẹ́" ti fi òṣì bọ́ òṣìṣẹ́ lọ́rùn, ẹni tí ó sì kọ "ọ̀gà" dípò "ọ̀gá" ti sọ olórí ilé iṣẹ́ di alágẹmọ. Tẹ̀lé àkọtọ́ òde òní pẹ̀lú: "ènìyàn" ni kí o kọ, kì í ṣe "enia", "wọ́n", kì í ṣe "nwọ́n".

6. Ìwọ pàápàá, ka àkókò rẹ nínú yàrá ìdánwò. Bí o bá ya ìṣẹ́jú 45 sọ́tọ̀ fún àròkọ, fi 8 ṣe ìlapa èrò, fi 30 kọ ọ́, kí o sì fi 7 tún un kà láti fi àmì sí i. Ṣùgbọ́n rántí pé olùyẹ̀wò kò ní fún ọ ní máàkì nítorí pé o pẹ́ lórí ìjókòó. Ohun tí o bá kọ sílẹ̀ ni yóò kà. Nítorí náà, iye ọ̀rọ̀ tí ìwé ìdánwò bá béèrè ni kí o tẹ̀lé; a mú àpẹẹrẹ òkè yìí gùn kí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ lè hàn.

G. IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Mú ìhà kejì nínú ìbéèrè òkè yìí. Ṣe ìlapa èrò alápá mẹ́fà, kí o sì kọ àròkọ rẹ̀.

2. Dárúkọ iṣẹ́ mẹ́ta ní àdúgbò rẹ tí wákàtí ni ó yẹ kí a kà fún, àti mẹ́ta tí iṣẹ́ tí a ṣe ni ó yẹ kí a kà. Sọ ìdí rẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

3. Kọ àròkọ lórí ọ̀rọ̀ yìí: "Owó tí òṣìṣẹ́ ń ná lórí dátà àti iná nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ nílé, agbanisíṣẹ́ ni ó yẹ kí ó san án." Ǹjẹ́ o fara mọ́ ọn?