Òdòdó Róbótó Inú Igbó Ilé-Ifẹ̀

Ìbéèrè: Òdòdó pupa wo ni ó máa ń yọ róbótó bí bọ́ọ̀lù lábẹ́ igi nínú igbó Ilé-Ifẹ̀ bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀?

Ìdáhùn: Àpèjúwe yìí bá Scadoxus multiflorus mu, ewéko kan tí àwọn onímọ̀ kà mọ́ ẹbí kan náà pẹ̀lú àlùbọ́sà, tí ó sì máa ń sùn sínú ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò yóò fi jí i. Ohun tí ojú ń rí bí òdòdó kan ṣoṣo kì í ṣe ẹyọ kan rárá, nítorí àkójọ òdòdó kéékèèké ni, tí ó lè tó 200 lórí ọ̀pá kan tí kò ní ewé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ewé òdòdó tín-ín-rín mẹ́fà àti akọ òdòdó mẹ́fà, èyíinì ni àwọn fọ́nrán pupa tí ó ru lẹ́búlẹ́bú ìyeyè lórí. Àwọn fọ́nrán náà ni ó mú kí ó jọ orí tí irun rẹ̀ dìde.

Ìbátan rẹ̀, Scadoxus cinnabarinus, lè ṣi olùwòye lọ́nà, ṣùgbọ́n ìdí ni a fi ń dá wọn mọ̀: ìdí ewé multiflorus wé mọ́ ara wọn bíi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì sábà máa ń ní àmì tóótòòtó elésè-àlùkò, nígbà tí gbòǹgbò cinnabarinus fà gbọọrọ bí ti atalẹ̀.

Májèlé ni ohun tí ó dà bí àlùbọ́sà nídìí multiflorus. Kí olùbéèrè má ṣe hú u. Àwòrán rẹ̀ tó láti mú lọ sí Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ewéko ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kí wọ́n lè bá a dá a mọ̀.