Ẹ Kọ Ọ̀nà Tí Ẹ Là Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ fi orin kíláàsíkà jẹun, tí ara yín kò sì rí bí ara àwọn tí wọ́n kọ orin náà fún, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo ní. Ọgbọ́n tí ẹ ń dá kí ohùn lè jáde, ìmọ̀ ni. Ẹ gbé e lọ síwájú ẹni tó ń kọ orin, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má sì tì í mọ́ inú àpótí. Àwọn kan yóò ní kí ẹ fi ara yín pamọ́, kí àwọn èèyàn lè gbọ́ orin nìkan. Ọ̀rọ̀ wọn kò burú tán, nítorí ó máa ń sú olórin tí ìwé ìròyìn bá ń ròyìn apá rẹ̀ tí kò ròyìn orin rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí oníròyìn ń wá kọ́ ni ẹlẹgbẹ́ yín ń wá.

Ẹ wo Paul Wittgenstein, olùtẹ píánò ọmọ Vienna. Ogun 1914 gba apá ọ̀tún rẹ̀, àwọn ará Rọ́ṣíà sì kó o ní ìgbèkùn lọ sí Omsk. Níbẹ̀ ló ti fi èédú ya ojú píánò sára àpótí pákó, tó ń fi ọwọ́ òsì tẹ ohun tí kò dún, tó ń wá ìka tí yóò ṣe iṣẹ́ ìka tó ti lọ. Josef Labor, olùkọ́ rẹ̀ tó fọ́jú láti kékeré, ló kọ́kọ́ kọ orin fún ọwọ́ kan yẹn, orin yẹn ni Wittgenstein sì fi padà sórí ìtàgé ní 1916. Lẹ́yìn náà Wittgenstein sanwó fún àwọn tó ń kọ orin, Hindemith, Ravel, Prokofiev àti Britten, kí wọ́n kọ orin ọwọ́ òsì fún òun. (Ọmọ olówó ni, ẹ̀yin yóò wá owó tiyín.) Ẹni tó bá sì rò pé ìdajì orin ni orin ọwọ́ kan, kó wo ohun tí Ravel ṣe. Nínú orin ọlọ́wọ́ méjì, ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún, ìka tí kò lágbára, ló sábà máa ń gbé ohùn òkè tí etí ń tẹ̀ lé. Lọ́wọ́ òsì, àtàǹpàkò ló bọ́ sí apá òkè, nítorí náà ìka tó lágbára jù ló ń kọrin. Ọwọ́ á tẹ ohùn ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ á di pẹ́dà mú kí ohùn náà má kú, ọwọ́ á sì fò lọ sókè kí ìsàlẹ̀ tó gbẹ. Àwọn ọlọ́wọ́ méjì pàápàá ń tẹ orin yẹn títí dòní.

Ibi tí mi ò ti bá Wittgenstein lọ rèé. Siegfried Rapp, olùtẹ píánò tí ogun àgbáyé kejì gba apá ọ̀tún tirẹ̀, bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun lo díẹ̀ nínú àwọn orin náà. Ó kọ̀, ó ní owó òun ló ṣe é. Ti Prokofiev, tí Wittgenstein kò tẹ̀ rí, Rapp ló wá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní Berlin ní 1956. Ti Hindemith, tí wọ́n kọ ní 1923, wà nípamọ́ títí ìyàwó Wittgenstein fi kú, ó sì di 2004 kí Leon Fleisher, olùtẹ píánò, tó tẹ̀ ẹ́. Ọdún 81! Fleisher yìí kan náà, tí ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kákò láàárín ọdún 1960 sí 1970, orin ọwọ́ òsì ló gbé e ró. Ẹ ó ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ èyí tó ní. Mo gbà fún ọdún kan tàbí méjì. Àmọ́ orin tí ẹnì kan ṣoṣo ń lò, ọ̀kẹ́sítírà kò ní mọ̀ ọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní kọ́ ọ, ọjọ́ tí ẹ bá sì ṣàìsàn ló dákẹ́. Wittgenstein fúnra rẹ̀ padà tẹ ìwé mẹ́ta jáde ní 1957 lórí ọgbọ́n ọwọ́ òsì.

Ẹ má sì sọ pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló ni ìwádìí. Evelyn Glennie, onílù ti Scotland, tí etí rẹ̀ di kó tó pé ọmọ 13, gbé ọwọ́ lé ògiri nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ ń lu ìlù, ó ń wá ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan ti ń dé lára: èyí tó rẹlẹ̀ ní ẹsẹ̀, èyí tó ga ní ojú àti ọrùn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, àwa náà sì ń kà á. Lálẹ́ òní, lẹ́yìn ìdánrawò, ẹ mú pẹ́ńsù: ìka wo ló gba iṣẹ́ wo, níbo lẹ ti mí, báwo ni ìjókòó ṣe ga tó. Kí ìwé yẹn wà lórí tábìlì kí ẹni tó fẹ́ kọ orin fún yín tó kọ ohùn àkọ́kọ́.