Aláìsàn Kì í Ṣe Agbèrò

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣe ìwádìí ìlera, nọ́ọ̀sì ni mí n'Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dún kan, ẹgbẹ́ tí mo wà ń wá àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, àìsàn ẹ̀jẹ̀ SS, kí wọ́n wá kópa nínú ìwádìí. Irú wọn ò wọ́n: Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ó tó 150,000 ọmọ tí wọ́n ń bí pẹ̀lú rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. A lẹ ìwé mọ́ ògiri káàkiri, a jókòó. Oṣù mẹ́ta gbáko, èèyàn mẹ́rin ló yọjú, ọ̀kan nínú wọn sì ṣì wá ni, eyín ló ń dùn ún. Ìgbà náà la tó pe ìyá télọ̀ kan l'Ókè-Àdó, tí òun náà ní àìsàn ọ̀hún, pé kó wá bá wa wo ibi tí a ti kùnà.

1. Ẹ pe aláìsàn kí ẹ tó kọ ìwé. Ìyá télọ̀ ka tiwa tán, ó mirí. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ lẹ lẹ èyí mọ́. Ta ló máa dúró kà á kí ìyá ọkọ rẹ̀ wá bá a níbẹ̀?" Ó tún fi ìka tọ́ka sí aago méje àárọ̀ tí a kọ. Inú ọyẹ́ ni! Òtútù sì wà lára ohun tó ń mú kí egungun bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n. Àwa tí a ń fi èyí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, a ò ronú kàn án. A sún un sí aago mọ́kànlá, a dá ìwé padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìlànà ìwádìí kí wọ́n tún un fọwọ́ sí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì bá a lọ.

2. Ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé. A kọ ọ́ pé mílílítà mẹ́wàá ẹ̀jẹ̀ la máa gbà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó tẹ́lẹ̀ gbọ́ "mẹ́wàá", ó sá. Ìyá télọ̀ bu omi sínú ṣíbí ìpotíì, ẹ̀ẹ̀mejì, ó dà á sínú ìdérí ike. "Gbogbo ẹ̀ nìyí." Láti ọjọ́ náà ni ṣíbí ti ń wà nínú báàgì mi.

3. Ẹ má sọ ọ́ di agbèrò. Agbèrò a máa pariwo "Mọ́kọ́lá! Mọ́kọ́lá!" títí ọkọ̀ á fi kún, á gba owó rẹ̀, bóyá bíréèkì ọkọ̀ náà mú, kò kàn án. Tí ẹ bá ń san owó fún aláìsàn lórí iye orí tó bá kó wá, iṣẹ́ tí ẹ gbé fún un nìyẹn. Ẹ san owó iṣẹ́ àti owó ọkọ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ èèyàn mẹ́wàá ló tẹ̀ lé e tàbí kó má sẹ́nì kankan, kí ẹnu rẹ̀ lè gbà á láti sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Èyí ò bá ẹ mu."

Ẹ wo ibi tí lílo ẹni táwọn aláìsàn fọkàn tán bí agbèrò lè já sí. Ní Tuskegee, l'Alabama, láti 1932 sí 1972, ìjọba Amẹ́ríkà ń wo 399 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ní sífílíìsì, wọn ò sọ fún wọn, wọn ò sì tọ́jú wọn, kódà nígbà tí pẹnisílíìnì ti dé. Nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú bíi tiwọn, Eunice Rivers, ló ń fi mọ́tò gbé wọn. Wọ́n fọkàn tán an. Ìfọkàntán yẹn gan-an ni wọ́n fi ṣe ìdẹ. Mo máa ń rántí obìnrin náà, nítorí iṣẹ́ kan náà la jọ ṣe.

4. Ẹ má gba nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ẹ fún aláìsàn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ní nọ́ńbà tiyín kó fún wọn. Ẹni tó bá wù á pè yín.

5. Ẹnì kan ò tó. Ìyá télọ̀ mọ̀wé, ó sì ń gbé nígboro. Ìyá tó gbé ọmọ SS pọ̀n láti Àkànrán ní ìbéèrè tiẹ̀ lọ́tọ̀.

6. Ẹ mú èsì padà lọ bá wọn. Àwa ò ṣe é. Ìwádìí parí, a tẹ̀ ẹ́ jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, oníkálukú gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ. Lóṣù tó kọjá mo gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ ìyá télọ̀. Ó wọ̀n mí tán, ó gbé téèpù kọ́rùn, ó wò mí.

"Màmá nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ ṣíbí méjì yẹn, kí ló wá sọ fún yín?"