Àròkọ Alálàyé: Ìrẹ́pọ̀ Láàárín Àwọn Aládùúgbò

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní ọdún 2016 àti 2017, ẹgbẹ́ òkùnkùn Badoo ń wọlé lóru ní Ìkòròdú, wọ́n ń pa ènìyàn lójú oorun. Àwọn ará àdúgbò kó ara wọn jọ, wọ́n ń ṣọ́ òru. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 2017, èrò lu àwọn aláìṣẹ̀ pa lórí ìfura lásán. Apanilẹ́rìn-ín kan wà lára wọn.

Ìrẹ́pọ̀ tí ìbẹ̀rù nìkan bá dá sílẹ̀ léwu. Nítorí náà, ó yẹ kí onílé àti ayálégbé jọ máa lọ sí ìpàdé àdúgbò, kí wọ́n jọ máa kó gọ́tà, kí wọ́n jọ yọ̀ nílé ayọ̀, kí wọ́n sì jọ kẹ́dùn nílé ọ̀fọ̀. Ẹni tí a bá fura sí, ọlọ́pàá ni kí a fà á lé lọ́wọ́. Ẹni tí ó mọ orúkọ aládùúgbò rẹ̀ kò ní tètè pè é ní olè.

Àkíyèsí: Ìpínrọ̀ kìíní sọ ìṣòro, ìkejì sọ àtúnṣe. Òwe kan tí ó ṣe rẹ́gí ti tó. Má ṣe to òwe jọ bí igi ìdáná.