Ta ni Ọ̀gágun Tó Ta Yọ Jù? Láti Òṣogbo Dé Kírìjì

Ní ìjíròrò tí a ṣe ní sáà tó kọjá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sára pátákó: ta ni ọ̀gágun tó ta yọ jù nínú ìtàn ayé? Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, Napoleon ti wà lókè, Alexander tẹ̀lé e, Hannibal tẹ̀lé ìyẹn, Genghis Khan náà sì ti wọlé. Orúkọ mọ́kànlá ló ti wà lójú pátákó kí ẹnìkan tó nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn kíláàsì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò sẹ́ni tó jagun nílẹ̀ tiwa yìí ni?" Ibẹ̀ ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ní Ìbíkúnlé ni. Ọmọ Iléṣà ní Ògèdèǹgbé ni, ó sì ti dìde dúró. Ọmọ Ìlọrin kan ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ Òṣogbo sí òun létí. Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní kí ẹni tó bá lè fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo kọ nìyí.

Ohun àkọ́kọ́ tí a kò bi ara wa lọ́jọ́ náà ni ohun tí a fẹ́ fi díwọ̀n. Bó bá jẹ́ ìjà tó dùn ún rò lẹ́nu là ń wá, ta ló tó Hannibal? Ní Cannae, ní ọdún 216 ṣáájú ìbí Kristi, ó jẹ́ kí àárín ogun rẹ̀ máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará Róòmù ń tẹ̀ lé e wọlé bí ẹja tó ń wọ ìgèrè, apá méjèèjì sì pa dé mọ́ wọn, àwọn ẹlẹ́ṣin dí ẹ̀yìn. Títí dòní ni wọ́n ń fi ìjà yẹn kọ́ àwọn ológun. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi wà ní Ítálì tí kò gba ìlú Róòmù, Scipio sì wá ṣẹ́gun rẹ̀ ní Zama lọ́dún 202. Napoleon náà wọ Mọ́síkò ní 1812. Kí ló kó bọ̀ níbẹ̀ bí kò ṣe ebi àti òtútù? Nítorí náà, èmi kò ní ka iye ìjà tí ẹnìkan ṣẹ́. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó jáde, irú ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, àti ohun tó yí padà nígbà tí eruku rọlẹ̀. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ ìgbà tí kò yẹ kí èèyàn jà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Òṣogbo, bí inú ọ̀rẹ́ wa ará Ìlọrin kò tilẹ̀ dùn. Ní nǹkan bí ọdún 1840, ogun Ìlọrin ti dó ti Òṣogbo. Ẹṣin ni agbára wọn. Ilẹ̀ ọ̀dàn tí Ọ̀yọ́ Ilé wà ni wọ́n ti kọ́ ogun, àwọn tó sì sá fún ẹṣin wọn ló pọ̀ nínú àwọn tó wá kún Ìbàdàn. Balógun Odérìnlọ ló kó Ìbàdàn lọ gba Òṣogbo sílẹ̀. Kò bá wọn pàdé ní gbangba lójú ọ̀sán, níbi tí ẹṣin ti lè sáré. Òru ló kọlù wọ́n. Ẹlẹ́ṣin tí kò rí iwájú rẹ̀, tí kò mọ ibi tí ọ̀tá gbà wọlé, kò sàn ju ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Ogun Ìlọrin tú, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù sì dí láti ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo wa tó wà ní kíláàsì, ẹni méjì péré ló ti gbọ́ orúkọ Odérìnlọ rí.

Ìbíkúnlé tó jẹ Balógun lẹ́yìn ìgbà náà yàtọ̀ pátápátá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kì í kánjú. Òun ni orúkọ rẹ̀ wà lára odi tí wọ́n mọ yí Ìbàdàn ká ní 1858. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, tí Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìjàyè, kọ̀ láti gba Adélù ọmọ rẹ̀ lọ́ba, Ìbàdàn dúró ti Ọ̀yọ́. Ìtàn sọ pé Ìbíkúnlé kò fẹ́ ogun náà. Nígbà tó sì di dandan, kò sáré lọ fi orí ọmọ ogun sọ odi Ìjàyè. Ẹ̀gbá wá ran Ìjàyè lọ́wọ́, ogun náà wá di ogun ọdún méjì. Òkè Ògùn ni oúnjẹ Ìjàyè ti ń wá, ibẹ̀ sì ni Ìbàdàn kọjú sí, tí Ògúnmọ́lá lọ jà ní Ìwàwùn. Ebi wọ ìlú. Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè sì fọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1862. Àwa tí a ka eré tí Ọlá Rótìmí kọ nípa Kúrunmí máa ń rántí ìgboyà bàbá náà àti bí ọ̀rọ̀ àṣà ṣe ká a lára. Èmi náà rántí. Ṣùgbọ́n Ààrẹ tó fi ìlú kan ṣoṣo kojú Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn pọ̀, tí ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ sì gba ibi tí ọ̀tá lè dé, n kò lè pè é ní ọ̀gágun tó ta yọ.

Ọjọ́ kan wà tí mo rò pé kò sí irú rẹ̀ nínú gbogbo ogun ọ̀rúndún yẹn: ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, ní Ìkìrun. Ìlọrin, Ìlá, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti para pọ̀ láti gba ìlú náà. Látòósà fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Balógun rẹ̀, Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n, ló kó ogun wá láti Ìbàdàn. Bí àwọn ọ̀tá náà bá dì pọ̀ sójú kan, ó ṣeé ṣe kí Ìbàdàn má borí. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dúró, Ògbóríẹ̀fọ̀n kò sì fún wọn láyè láti para pọ̀. Ọjọ́ kan náà ló tú gbogbo wọn ká. Àwọn tó ń sá kó sínú odò Ọ̀tìn tó kún, ọ̀pọ̀ sì bá a lọ, ìdí tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi nìyẹn. Bí ẹnìkan bá sọ pé Ògbóríẹ̀fọ̀n ni Hannibal wa, n kò ní bá a jiyàn. Àbùkù Hannibal náà wà níbẹ̀: Jálumi kò parí nǹkan kan. Àwọn tí wọ́n ṣẹ́ lọ́jọ́ náà padà lọ dì mọ́ra gírígírí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ogun tó sì wá tẹ̀ lé e kò tán bọ̀rọ̀.

Ogun náà ni Kírìjì. Níbí ni mo ti fẹ́ dákẹ́ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni a ti jà jù ní kíláàsì.

Ní 1877, Ààrẹ Látòósà dojú ìjà kọ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú sì gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbá. Ní ọdún kejì, Fábùnmí ará Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, Èkìtì sì gbiná. Ìlọrin ti ń retí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà Òṣogbo. Ifẹ̀ náà bọ́ sí i nígbà tó yá. Ojú ogun márùn-ún ni Ìbàdàn ń jà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń gbèjà Látòósà sọ pé, ẹ wo ìlú tó ja ojú ogun márùn-ún fún ọ̀pọ̀ ọdún tí kò sì fọ́, ṣé ọ̀gágun kọ́ nìyẹn? Akíkanjú ìlú nìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ṣí ojú ogun márùn-ún ọ̀hún? Etíkun ni ẹ̀tù àti ìbọn ti ń wá, ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ni ọ̀nà gbà. Látòósà bá àwọn tó ni ọ̀nà jà ná kó tó wá bá Èkìtì jà. Bí èèyàn bá fẹ́ dáná, ṣé ìkòkò omi ló máa kọ́kọ́ fọ́?

Ẹ wá wo òdìkejì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1870 sí i ni ọ̀nà mìíràn ti ṣí láti Èkó gba orí ọ̀sà lọ sí Oǹdó, tí kò kan Ẹ̀gbá, tí kò sì kan Ìbàdàn. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn ti Sàró padà dé, dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀. Wọ́n dáwó, wọ́n ra ìbọn tuntun tí wọ́n ń ki ọta sí láti ìdí, wọ́n sì fi ránṣẹ́ gba ọ̀nà náà. Ẹni tó ń lo ṣakabùlà ní láti dìde dúró kí ó tó lè da ẹ̀tù sẹ́nu ìbọn, kí ó gún un, kí ó tún ki ọta. Ẹni tó ń ki tirẹ̀ láti ìdí lè dùbúlẹ̀ sẹ́yìn òkìtì kí ó máa yìn ín léraléra. Ìró àwọn ohun ìjà náà láàárín òkè ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ.

Ògèdèǹgbé kò tètè dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀dọ̀ Ìbàdàn ló ti rí bí wọ́n ṣe ń jagun, nígbà tí wọ́n mú un lójú ogun ní kékeré. Ní 1870 tí Ìbàdàn kó Iléṣà, ó wà lára àwọn tó gbèjà ìlú náà, ó sì bọ́ lọ sí Ìta-Ògbólú. Nígbà tó wá gba ipò olórí ogun Èkìtìparapọ̀, àwọn tó ń darí kì í ṣe ọmọ ìlú kan. Ìlú tó ní ọba tirẹ̀ àti balógun tirẹ̀ ni gbogbo wọn, àwọn mìíràn sì ti bá ara wọn jà rí. Ó kó wọn dúró lórí òkè kan fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí pé ìlú kan já ara rẹ̀ gbà kó máa lọ sílé. Kò fọ́ àgọ́ Ìbàdàn ní Ìgbájọ. Kò ní Jálumi tirẹ̀. Àmọ́ kò jẹ́ kí Ìbàdàn kọjá. Látòósà kú sí àgọ́ ogun ní 1885. Nígbà tí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 23 oṣù kẹsàn-án 1886, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti bọ́ lọ́wọ́ ajẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọ̀tán, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ kù sọ́wọ́ Ìbàdàn. Ohun tí Ògèdèǹgbé jà fún ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìdí tí mo fi dìbò fún un nìyẹn.

Mo ní láti jẹ́wọ́ nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni pé, púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa àwọn ogun yìí ló gba ọwọ́ Samuel Johnson kọjá. Àlùfáà tó ti gbé Ìbàdàn ni, ó sì wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ gbé e bọ̀ láàárín àgọ́ méjèèjì. Ó rí ohun tó kọ. Ṣùgbọ́n ìdí tí a fi mọ orúkọ àwọn balógun Ìbàdàn tó bẹ́ẹ̀, tí a kò sì mọ ti Ìlá tàbí ti Èkìtì tó bẹ́ẹ̀, kò ṣẹ̀yìn ibi tí òǹkọ̀wé jókòó sí. Ẹni tó bá ní bàbá àgbà tó ṣì mọ oríkì balógun ìlú rẹ̀, kó lọ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù kí ọdún yìí tó parí.

Ìkejì ló mú kíláàsì dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí ìlú ìyá rẹ̀ wà ní Èkìtì ní òun kò dìbò fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ní ilé àwọn, nígbà tí wọ́n bá dárúkọ Ògèdèǹgbé, ìró ìlẹ̀kùn ni wọ́n máa ń rántí. Òótọ́ ni. Kí Kírìjì tó dé, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti kó ẹrú ní ìlà oòrùn yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ náà, ìkógun àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wà lára ohun tí Captain Bower fi mú un ní 1894, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Ìwó. Ó padà sílé, ó jẹ Ọbańlá, ó kú ní 1910. Ẹrú ni Odérìnlọ, Ìbíkúnlé àti Látòósà náà fi ń bọ́ ogun. Ìjà ò dọlà, orúkọ ní í sọni, ni a máa ń pa lówe, ṣùgbọ́n ìjà sọ àwọn wọ̀nyí di ọlọ́là, ara èèyàn ni ọlà náà.

Ìbéèrè tí mo ń dáhùn ni ta ló mọ iṣẹ́ ogun jù, n kò sì yí ìbò mi padà. Ọmọbìnrin náà ní ìbéèrè tí òun ń dáhùn yàtọ̀, kò sì yí tirẹ̀ padà. A ó tún padé nínú sáà tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà Látòósà, kó mú àwòrán ilẹ̀ dání, kó sì fi ọ̀nà tí òun ì bá gbà kó ẹ̀tù dé Ìgbájọ hàn wá.