Ikọ́, òtútù àyà àti rọpárọsẹ̀: kí ló pa wọ́n pọ̀?

Ìgbà tí ikọ́ àti ọ̀fìnkìn ń gba ilé kan nìyí. A máa ń sọ pé, "Kò le, á lọ." Lóòótọ́, ó sábà máa ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ikọ́ tó wọ àyà máa ń ṣílẹ̀kùn fún àrùn tó jù ú lọ: rọpárọsẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: rọ apá, rọ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n apá àti ẹsẹ̀ kọ́ ni àrùn náà wà, ọpọlọ ni. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹ̀jẹ̀ tó dì á dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí kú.

Báwo ni ikọ́ ṣe kàn án? Bí kòkòrò àrùn bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, ara á dìde láti bá a jà. Ìjà yìí máa ń yọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, ó sì máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Bí ibà bá tún gbẹ omi ara, ẹ̀jẹ̀ á ki.

Ní 2004, Liam Smeeth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Britain yẹ àkọsílẹ̀ àwọn dókítà wò. Wọ́n rí i pé láàárín ọjọ́ 3 àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí dókítà bá rí àìsàn àyà lára èèyàn, ewu rọpárọsẹ̀ máa ń tó ìlọ́po 3 ti ìgbà tí ara rẹ̀ le. Lẹ́yìn náà ló ń dínkù díẹ̀díẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlù kò fi kún ewu náà rárá.

Ẹ má tìtorí èyí páyà nítorí ọ̀fìnkìn lásán o. Àwọn àgbà ni kí ẹ máa ṣọ́, pàápàá àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ. Bí òtútù àyà bá dá Bàbá dúbúlẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ wá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí kò lè gbé apá kan sókè, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ẹ má sọ pé, "Àárẹ̀ ni." Ẹ má sì sọ pé, "Ayé ló ń ṣe é." Ẹ pe pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀: 999 ní Britain, 911 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, 192 ní Brazil. Oògùn kan wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí 4 àbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn.

Ọ̀rọ̀ tí a kọ́ lónìí
Ẹ̀dọ̀fóró: ohun tí a fi ń mí.
Iṣan ẹ̀jẹ̀: ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ara.
Òtútù àyà: àìsàn tó ń mú ẹ̀dọ̀fóró.

Ta ló ń wúkọ́ nílé yín? Ẹ pè wọ́n lónìí, kí ẹ gbọ́ ohùn wọn. Ó dìgbà o.