Bàbá Ọmọ Kò Fọwọ́ sí Ìwé

Ojú ewé mẹ́rin ni lẹ́tà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, wọ́n ya á láti inú ìwé ọmọ ilé-ìwé, wọ́n sì fi báírò búlúù kọ ọ́. Ìyá kan tó ń ránṣọ ní Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ló kọ ọ́. Ọdún mẹ́ta rèé tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti pínyà. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, ọmọ ọdún méje, ọ̀dọ̀ ìyá ló sì ń gbé. Bàbá wà ní Ṣàgámù. Ó máa ń san owó ilé-ìwé nígbà tó bá rí i san, ó sì máa ń wá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀, ìyá àgbà ọmọ, ní Mólípa ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, láàárọ̀ Sátidé. Ìyá náà fẹ́ mú ọmọ lọ lo ìsinmi oṣù kẹjọ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Owó ọkọ̀ ti wà nílẹ̀. Ìfọwọ́sí bàbá ni kò sí.

“Mo bẹ̀ ẹ́, mo rán àgbà sí i, ó fárígá. Ó ní òun kò ní fi ọwọ́ ara òun gbé ọmọ òun fún òyìnbó. Ṣé òun nìkan ló bí i ni? Ta ló ń jí fún un lóru?”

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn tó ti dágbére tán, ó kọ ìlà kan sí etí ìwé: “Bí wọ́n bá gbà á sí ilé-ìwé níbẹ̀, ó lè dúró ti ẹ̀gbọ́n mi.”

Ìlà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ìrìn-àjò méjì ló wà nínú lẹ́tà kan. Ọ̀kan jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ọmọ yóò gun bọ́ọ̀sì alájà méjì, tí yóò jẹ ìkọ́kọrẹ́ nílùú òyìnbó, tí yóò sì padà wá bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì nínú oṣù kẹsàn-án. Èkejì kò ní ọjọ́ ìpadà. Bàbá tó wà ní Ṣàgámù kò ka lẹ́tà yìí, àmọ́ ó jọ pé ìrìn-àjò kejì ti ta sí i létí, òun ló sì ń kọ̀.

Ibi pásípọ́ọ̀tù ọmọ ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ há. Ìyá náà jí lọ sí ọ́fíìsì Imigiréṣọ̀n ní Abẹ́òkúta, ó sì to fáìlì rẹ̀ dáadáa. Òṣìṣẹ́ tó gbà á ń ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan: ìwé ìbí láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn, nọ́ńbà NIN ọmọ, fọ́tò, ìwé ìdánimọ̀ ìyá. Nígbà tó ṣí i dé òpin, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, bí ẹni tó ń wá owó tó já bọ́. Ó wá gbójú sókè, ó ní, “Ìyá, ìwé tí bàbá ọmọ fi fọwọ́ sí i dà?” Obìnrin náà kọ ọ́ pé ojú ti òun níwájú àwọn tó tò sẹ́yìn òun. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Wọ́n máa ń béèrè ìfọwọ́sí òbí kí wọ́n tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ní pásípọ́ọ̀tù, ààbò sì nìyẹn fún ìyá náà pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé bàbá ló fẹ́ yọ́ ọmọ gbé lọ sí Dubai, orí káńtà yẹn kan náà ni wọn yóò ti bi í pé ìwé ìyá dà.

Ẹnìkan tó ń bá èèyàn tẹ ìwé létí títì ti gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ búra ní kóòtù pé bàbá ọmọ ti kú, tàbí pé òun kò mọ ibi tó wọlé sí. Ẹlòmíràn ní bí pásípọ́ọ̀tù bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, kó gba bodè Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnu, kó wọ ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀. Ó béèrè bóyá ó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Kó má dán an wò. Ẹ̀wọ̀n ń bẹ nínú kí èèyàn fi ìbúra parọ́. Bí àwọn tó ń fúnni ní físà Gẹ̀ẹ́sì bá sì ká ìwé ayédèrú mọ́ èèyàn lọ́wọ́, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún 10. Èyí tó wúwo jù wà nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003. Abala 27 òfin náà ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ọmọ kúrò lábẹ́ ìtọ́jú bàbá tàbí ìyá rẹ̀ nígbà tí ẹni náà kò bá fẹ́. Bí wọ́n bá gbé ọmọ kọjá bodè Nàìjíríà, tí wọ́n sì ní i lọ́kàn láti dá a padà, ẹ̀wọ̀n ọdún 15 ni. Bí wọn kò bá ní i lọ́kàn láti dá a padà, ọdún 20. Lọ́yà lè máa bára wọn jiyàn bóyá òfin yìí mú ìyá tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò yẹ kí aránṣọ Òkè-Ajé fi ara rẹ̀ parí iyàn náà fún wọn.

Ọ̀rọ̀ irú èyí ti já síta gbangba rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, àwọn ìwé ìròyìn gbé e pé olórin Davido àti ẹbí rẹ̀ fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún kan lọ sí Dubai láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, àti pé ẹbí ìyá ọmọ kò gbà. Ìrìn-àjò náà kò ṣeé ṣe lọ́jọ́ náà. Olórin náà àti Dele Momodu, tó jẹ́ ẹbí ìyá ọmọ, sọ ọ̀rọ̀ líle síra wọn, gbogbo ayé sì gbọ́. Ní 2024, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ yẹn kan náà tún dé ilé-ẹjọ́ gíga ní Èkó. Àwọn wọ̀nyí ní owó, wọ́n ní lọ́yà, wọ́n ní orúkọ. Ìyá tó fi owó ìránṣọ ra tíkẹ́ẹ̀tì kò ní lè ra òmíràn bí wọ́n bá dá a dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ọmọ tó gbé báàgì kọ́rùn.

Ṣé bàbá nìkan ló wá ni ọmọ ni? Rárá. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe, wọ́n ṣe ìdána, wọn kò dé rẹ́jísìrì. Nínú àṣà, bàbá ló ni ọmọ, ọ̀pọ̀ ọkùnrin sì gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Àmọ́ ní 1989, ẹjọ́ ọmọ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kan dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, àwọn adájọ́ ibẹ̀ sì fi hàn pé ẹ̀tọ́ bàbá lábẹ́ àṣà kò gbọdọ̀ tẹ ire ọmọ mọ́lẹ̀. Òfin 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ di tirẹ̀ ní 2006, fi ire ọmọ ṣáájú ohun gbogbo, ó sì gba bàbá àti ìyá láyè bákan náà láti lọ bá adájọ́ nípa ìtọ́jú ọmọ. Nítorí náà, bí bàbá bá kọ̀, ìkọ̀ rẹ̀ kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Adájọ́ lè gbọ́ ẹnu àwọn méjèèjì, kó sì fúnni láyè.

Síbẹ̀, kí ìyá náà tó dé kóòtù, ó yẹ kí ó ro ohun tó ń ba bàbá ọmọ lẹ́rù, nítorí ẹ̀rù náà ní ìdí. Àdéhùn kan wà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, Àdéhùn Hague ti 25 oṣù kẹwàá ọdún 1980, tó ń jẹ́ kí wọ́n tètè dá ọmọ tí òbí kan gbé sá lọ padà sí ìlú tó ń gbé tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀. South Africa, Zambia àti Burkina Faso náà wà nínú rẹ̀. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Bí ọmọ bá há sí Peckham, bàbá tó wà ní Ṣàgámù kò ní ọ́fíìsì ìjọba tí yóò sáré tọ̀ tí wọn yóò fi bá a gba ọmọ padà lábẹ́ àdéhùn náà. Ó di kó gba lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù, kó san owó pọ́ùn. Ní 2005, ẹjọ́ ọmọ kan dé iwájú àwọn adájọ́ House of Lords, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà: ìyá rẹ̀ dá a dúró sí England, bàbá sì ní kí wọ́n dá a padà sí Saudi Arabia. Wọ́n ní níbi tí àdéhùn kò bá dé, ire ọmọ náà gan-an ni adájọ́ yóò yẹ̀ wò, kò sí pé wọ́n kàn ń dá ọmọ padà wéréwéré. Bàbá tó bá gbọ́ èyí, tó wá dúró gan-an-gan, kì í ṣe òǹrorò.

Ẹ̀rù yìí ni kí ìyá náà dáhùn, kó fi ìwé dáhùn rẹ̀. Kó kọ orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ tí wọn yóò lọ, ọjọ́ tí wọn yóò bọ̀, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Peckham, fóònù ilé náà, àti wákàtí tí ọmọ yóò máa bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Kó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé òun kò ní fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, pé òun ni yóò mú un padà, àti pé bí ọmọ bá ti dé, pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ ẹni tí àwọn méjèèjì fọkàn tán. Bí bàbá bá gbà, kó fọwọ́ sí i níwájú notary, kó sì fi ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ tirẹ̀ tì í. Ìwé kan náà yìí ni àwọn Imigiréṣọ̀n, àwọn tó ń fúnni ní físà àti òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu bodè ní Heathrow lè béèrè, pàápàá nígbà tí orúkọ ìdílé ìyá bá yàtọ̀ sí ti ọmọ. Kó mú ìwé ìbí ọmọ dání pẹ̀lú rẹ̀.

Ta ni yóò gbé ìwé náà dé Ṣàgámù? Nínú lẹ́tà rẹ̀, ìyá náà sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí kò tó nǹkan pé òun ṣì ló ń rán aṣọ tí ìyá ọkọ òun fi ń bá ẹgbẹ́ wọn jáde Ojúde Ọba, pé ìyá àgbà kì í gbé aṣọ wọn fún ẹlòmíràn láti ìgbà tí àwọn ti pínyà. Ìyá ọkọ tó bá ṣì ń jẹ́ kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ àtijọ́ wọn àyà àti apá rẹ̀ kò tíì ti ilẹ̀kùn. Ọ̀dọ̀ wọn ni kó lọ. Àwọn àgbà tó rán tẹ́lẹ̀ lọ bá ọkùnrin náà jà ni, ìyá náà ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Bí ìyá àgbà bá sọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà ṣì kọ̀ jálẹ̀, kó lọ sí kóòtù, kó sì tètè lọ, nítorí ẹjọ́ kì í yára bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí físà àbẹ̀wò sábà máa ń gbà. Àwọn èèyàn wa máa ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àmọ́ kóòtù tí òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé là sílẹ̀ fún ẹbí, yálà ní májísíréètì tàbí ní ilé-ẹjọ́ gíga, kì í wá ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ohun tí adájọ́ fẹ́ mọ̀ ni bí ọmọ ṣe ń gbé, ta ló ń mú un lọ sí ọsibítù, bó ṣe ń ṣe sí ní ilé-ìwé, ìdánilójú wo ló wà pé yóò padà. Ó lè rán òṣìṣẹ́ wẹ́fẹ́à lọ wo ilé. Kí ìyá náà kó káàdì ọsibítù, èsì ìdánwò, tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ àti ìwé tó kọ sí bàbá ọmọ dání. Ìwé yẹn ni yóò fi hàn pé ó bẹ̀bẹ̀ kó tó wá. Bí kò bá sí owó lọ́yà, Legal Aid Council tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976 wà fún irú rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin, FIDA, náà sì wà ní Ògùn.

Àwọn tó wà lókè òkun náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní England, òbí tí kóòtù ní kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lè mú un jáde nílùú fún ohun tí kò tó oṣù kan láìtọrọ àyè. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, yóò gba ìfọwọ́sí ẹnì kejì tàbí ti kóòtù. Ní Amẹ́ríkà, bàbá àti ìyá ni yóò fọwọ́ sí pásípọ́ọ̀tù ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Ìyá tó bá fẹ́ gbé ọmọ láti Houston wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó yóò bá òfin kan náà pàdé.

Ó wá ku ìlà tó wà létí ìwé. Kí ìyá náà gbọ́ èyí láìsí ìbínú: ìrìn-àjò kejì kò ní físà tó gbé e ró. Físà àbẹ̀wò kì í sábà gba èèyàn láyè ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí fún kí ọmọ máa gbé ibẹ̀ tàbí kó fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé tí yóò ti máa lọ sí ilé-ìwé. Òbí tó bá ń gbé ibẹ̀ lábẹ́ físà iṣẹ́ tó sì fẹ́ kí ọmọ wá bá òun nìkan, láìsí òbí kejì, yóò sábà ní láti fi hàn pé òun nìkan ló ń dá bùkátà àti ìpinnu lórí ọmọ náà gbé. Aránṣọ yìí kò tíì ní físà iṣẹ́, bàbá tó sì ń san owó ilé-ìwé, tó ń wá ní Sátidé, kì í ṣe bàbá tí a lè sọ pé kò sí. Bí ó bá fi físà ìsinmi mú ọmọ lọ, tó sì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ náà ni yóò di ẹni tí kò ní ìwé nílùú onílùú, bàbá rẹ̀ kò sì ní fọwọ́ sí ohunkóhun mọ́ láéláé.

Kó pa ìlà yẹn rẹ́ kúrò lọ́kàn rẹ̀, kó sì sọ fún bàbá ọmọ pé òun ti pa á rẹ́. Sátidé tó ń bọ̀ ni ọmọ yóò wà ní Mólípa. Kí ìyá rẹ̀ sìn ín dé ọ̀hún fúnra rẹ̀, kó mú ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà dání pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n ní kó rán, kó jókòó ti ìyá àgbà, kó kà á fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀.